Ojú Pípọ́n Lára Ẹni Tí Làkúrègbé Ọ̀pá Ẹ̀yìn Ń Bá Jà: Ohun Tí Ẹ Ó Ṣe Láti Wákàtí Àkọ́kọ́

Ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi mí lemọ́lemọ́: "Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, kí ló wá kan ojú?" Ẹlòmíràn á ní, "Ojú mi pọ́n láti àná, mo ti ra oògùn Apollo, ṣé kí n máa kán an lọ?" Ìdáhùn sí ti ẹnì kejì yìí kúrú: ẹ dá a dúró, kí ẹ sì wá dókítà ojú lọ lónìí. Àlàyé rẹ̀ ló gùn díẹ̀.

Èmi náà ní àìsàn ẹ̀yìn yìí. Nígbà àkọ́kọ́ tí ó mú ojú ọ̀tún mi, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ń kán oògùn tí wọ́n tà fún mi ní kẹ́míìsì àdúgbò, tí mò ń retí pé Apollo yẹn á lọ. Títí di òní, ọmọlójú ọ̀tún mi kò rí róbótó mọ́. Ó ti ní igun kan nísàlẹ̀. Mi ò fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣe ẹlòmíràn, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

## Ohun tó so ẹ̀yìn mọ́ ojú

Àìsàn tí mò ń sọ ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ankylosing spondylitis tàbí axial spondyloarthritis. Kì í ṣe làkúrègbé ti àgbàlagbà tí egungun rẹ̀ ti lò pẹ́. Àwọn ọmọ-ogun ara ẹni gan-an ló ń kọjú ìjà sí oríkèé ọ̀pá ẹ̀yìn àti ti ìbàdí, ọ̀dọ́ ló sì sábà máa ń mú. Ìjà náà a máa dé inú ẹyinjú, níbi dúdú ojú tó yí ọmọlójú ká. Ibẹ̀ á wú, á sì máa ta bí iná. Uveitis ni orúkọ rẹ̀. Àwọn mìíràn ń pè é ní iritis.

Bí ẹnì kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ní àìsàn ẹ̀yìn yìí ni yóò rí i nígbà kan láyé rẹ̀. Ó lè dé lásìkò tí ẹ̀yìn kò dùn yín rárá. Kì í ràn, nítorí náà kò sí ẹni tí ẹ ti kó o, kò sì sí ẹni tí ẹ máa kó o ràn.

## Ṣé Apollo ni, àbí òun?

Ẹ dúró síwájú dígí níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti tó.

Ó jọ Apollo bí:

- ipin bá ń yọ, tí ìpéǹpéjú lẹ̀ pọ̀ nígbà tí ẹ jí
- ojú bá ń yún yín, bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀
- ó bá bẹ̀rẹ̀ ní ojú kan tó sì bọ́ sí èkejì, tàbí tí ará ilé tàbí ará ibi iṣẹ́ ti ní in ṣáájú yín
- ẹ bá nu ipin kúrò tí ẹ sì ń ríran kedere

Ó jọ uveitis bí:

- ó bá dé lójijì, ní ojú kan ṣoṣo (ó lè jẹ́ ojú òsì lónìí, kó jẹ́ ọ̀tún lọ́dún tó ń bọ̀)
- ìrora náà bá jinlẹ̀, tó ń ro yín nínú ẹyinjú tàbí ní egungun òkè ojú
- omi bá ń dà ṣùgbọ́n tí kò sí ipin
- ìmọ́lẹ̀ bá ń gún yín, tí ẹ kò lè wo fóònù yín
- ìríran bá ṣe bàìbàì
- pupa náà bá pọ̀ jù lọ ní etí dúdú ojú, bí òrùka
- ọmọlójú ẹ̀gbẹ́ yẹn bá kéré ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ

Àyẹ̀wò kan wà tí ẹ lè ṣe nílé. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú tó ń dùn yín dáadáa, kí ẹnìkan wá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ojú tí kò ṣe nǹkan kan. Bí èyí tó wà lábẹ́ ọwọ́ bá ro yín gan-an, inú ẹyinjú ni wàhálà wà. Ìdí ni pé ọmọlójú méjèèjì máa ń fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó wú kò sì lè fún pọ̀ láìro. Apollo kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá ro yín, ẹ má fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé kò sí nǹkan. Ẹ ṣì lọ.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, òru ì báà jẹ́, bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí:

- orí ń fọ́ yín gidi, ẹ ń bì, tàbí ẹ ń rí àwọ̀ òṣùmàrè yí gílóòbù ká
- ìríran já lulẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀
- ohun funfun bí ọyún ti rọ sí ìsàlẹ̀ dúdú ojú
- nǹkan gún ojú náà tàbí kẹ́míkà ta sí i
- wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, tàbí ẹ ń lo contact lens

## Wákàtí mẹ́rìnlélógún àkọ́kọ́

1. Bí contact lens bá wà lójú, ẹ yọ ọ́. Ẹ pa á mọ́, ẹ má jù ú nù. Dókítà lè fẹ́ rí i.
2. Ẹ kọ wákàtí tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò ojú náà.
3. Ẹ bo ojú kan, ẹ ka kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, lẹ́yìn náà ẹ bo èkejì. Ẹ kọ ìyàtọ̀ tí ẹ rí.
4. Ẹ kó gbogbo oògùn yín sínú ọ̀rá kan: ti ẹ̀yìn, ti ojú, àti àgbo pẹ̀lú. Ẹ má fi àgbo pamọ́ fún dókítà.
5. Ẹ lọ síbi tí ẹ̀ka ìtọ́jú ojú wà. UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ àti UITH ní Ìlọrin ní dókítà ojú. Àwọn ilé ìwòsàn ojú aládàáni náà wà. Ilé ìtajà gíláàsì kò tó. Wọn lè wọn ojú yín dáadáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó ṣì nílò ẹni tó lè tọ́jú inú ojú.
6. Níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì, ẹ sọ ọ́ báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ní ankylosing spondylitis. Ojú kan ló pọ́n, ó ń ro mí, mi ò lè wo ìmọ́lẹ̀. Mo fẹ́ kí dókítà ojú yẹ̀ mí wò fún uveitis lónìí." Bí ẹ bá sọ pé "ojú mi pọ́n" nìkan, wọn yóò ní kí ẹ tò sẹ́yìn àwọn tó fẹ́ gíláàsì ìkàwé.
7. Kí ẹ tó débẹ̀: gíláàsì dúdú, fìlà tó bo iwájú orí, aṣọ tútù lórí ojú tí ẹ pa dé, paracetamol bí kò bá sí ìdí tí ẹ kò fi lè lò ó. Ẹ má wa mọ́tò tàbí ọ̀kadà fúnra yín.

Bí ẹ bá jìnnà sí dókítà ojú. Ẹ lọ sí jẹ́nẹ́rà tó sún mọ́ yín, kí dókítà ibẹ̀ fi fóònù bá dókítà ojú sọ̀rọ̀. Bí ó bá fẹ́ fún yín ní oògùn sítẹ́rọ́ìdì (oògùn tó lágbára láti pa wíwú), ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í bóyá ó ti fi àró aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ń pè ní fluorescein kan ojú yín wò. Àró náà máa ń tàn bí ewé tútù níbi tí egbò bá wà. Bí egbò bá wà, sítẹ́rọ́ìdì á ba ojú jẹ́.

Ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Moorfields ní City Road ní ẹ̀ka pàjáwìrì tiẹ̀ fún ojú nìkan. Níbòmíràn ní Ìlú Ọba, ẹ pe 111, kí ẹ sọ irú gbólóhùn tó wà ní ìgbésẹ̀ kẹfà. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí GP á ráyè.

## Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ fi sójú

Ibí ni ọ̀pọ̀ ojú ti ń bàjẹ́.

Itọ̀, omi ọmú, omi iyọ̀, omi ṣúgà, oje ewé, òróró àdúrà: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń dé ibi tí uveitis wà. Inú ẹyinjú ló wà, ìta ni àwọn yẹn ń dúró sí, tí wọ́n á sì gbé kòkòrò wọlé sójú tó ti ń jìyà tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyá àgbà ló sábà máa ń mú wọn wá, pẹ̀lú ìfẹ́. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ gbàdúrà pọ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ohunkóhun kán sójú.

Oògùn Apollo ti kẹ́míìsì, bíi chloramphenicol tàbí gentamicin, kòkòrò bakitéríà ló ń pa. Kò sí bakitéríà nínú uveitis ti àìsàn ẹ̀yìn. Oògùn náà lè má pa yín lára. Àkókò ni ó ń jí. Láàárín ọjọ́ tí ẹ fi ń dúró, dúdú ojú á lẹ̀ mọ́ dígí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ojú, bí aṣọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ egbò tó ń gbẹ. Bó bá ti lẹ̀ tán, ó ṣòro láti tú.

Èyí tó burú jù ni oògùn tó ní sítẹ́rọ́ìdì nínú tí wọ́n ń tà láìsí ìwé dókítà. Ẹ ka ara ìgò: bí ẹ bá rí dexamethasone, betamethasone tàbí prednisolone, sítẹ́rọ́ìdì ni. Òótọ́ ni pé sítẹ́rọ́ìdì gan-an ni dókítà yóò fún yín bó bá jẹ́ uveitis. Ìyàtọ̀ wà níbi pé ó ti wo inú ojú ná. Bó bá jẹ́ kòkòrò herpes ló wà lójú, tàbí ewé àgbàdo ló gún yín lóko tí èébu sì wọ ibẹ̀, sítẹ́rọ́ìdì á fún àìsàn náà lágbára, ojú lè fọ́. Ẹ má ṣe lo ìgò tó ṣẹ́kù láti ọdún tó kọjá, ẹ má sì lo ti ẹlòmíràn.

## Lọ́dọ̀ dókítà ojú

Wọn yóò ní kí ẹ gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, kí ẹ gbé iwájú orí tì í, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ á sì wọ ojú yín. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ló ń fi àwọn ọmọ-ogun ara hàn bí wọ́n ṣe ń fò nínú omi ojú, bí eruku nínú ìtànṣán oòrùn. Láìsí ẹ̀rọ yẹn, àbá lásán ni ẹnikẹ́ni ń dá. Wọn yóò wọn ìfúnpá inú ojú, wọn yóò sì la ọmọlójú yín láti wo ẹ̀yìn ojú. Ẹ mú ẹnìkan dání tó máa mú yín délé.

Wọ́n lè ní kí ẹ ṣe X-ray àyà, àyẹ̀wò rẹ́kórẹ́kó (syphilis) àti ti HIV. Kì í ṣe ẹ̀sùn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ àti rẹ́kórẹ́kó náà máa ń mú irú uveitis yìí wá, ìtọ́jú wọn sì yàtọ̀ pátápátá.

Ẹ má jáde láì bèèrè:

- Oògùn mélòó ni, kí ni iṣẹ́ ìkọ̀ọ̀kan?
- Báwo ni n ó ṣe dín in kù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi.
- Èló ni ìfúnpá ojú mi lónìí?
- Ọjọ́ wo ni n ó padà wá?

Bí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín bá ní glaucoma (àìsàn tó ń ba ìríran jẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí ìfúnpá inú ojú sábà máa ń fà), ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bi yín. Sítẹ́rọ́ìdì a máa gbé ìfúnpá inú ojú sókè lára àwọn kan, glaucoma sì wọ́pọ̀ láàárín àwa adúláwọ̀.

## Bí a ṣe ń kán oògùn

Ìgò méjì ló sábà máa ń jẹ́. Àkọ́kọ́ ni sítẹ́rọ́ìdì, bíi prednisolone acetate 1%, tó ń pa iná náà. Èkejì ni èyí tó ń la ọmọlójú, cyclopentolate tàbí atropine. Òun ló ń dín ìrora kù, òun ni kì í jẹ́ kí dúdú ojú lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sá fún èkejì yìí torí pé ó ń jẹ́ kí ìwé ṣú. Ẹ má sá fún un.

1. Ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ.
2. Ẹ mi ìgò prednisolone dáadáa. Ẹbu oògùn máa ń sùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ kò bá mì í, omi lásán ni ẹ ń kán.
3. Ẹ gbé orí sẹ́yìn, ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ kí ó dà bí àpò.
4. Ẹ kán ẹ̀kán kan ṣoṣo sínú àpò náà. Ẹnu ìgò kò gbọdọ̀ kan ojú.
5. Ẹ pa ojú dé jẹ́jẹ́, ẹ fi ìka tẹ igun ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ìyẹn kì í jẹ́ kí oògùn sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀fun.
6. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó kán ìkejì, kí èyí àkọ́kọ́ má bàa ṣàn jáde.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí ìgò sára rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ jù ú nù. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà lóòrùn. Kí atropine jìnnà sí ọwọ́ ọmọdé, torí májèlé ni bí wọ́n bá gbé e mì. Ìríran lè ṣú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn atropine. Ti cyclopentolate kì í sábà kọjá ọjọ́ kan.

Fún ẹ̀yin tó ń gba ààwẹ̀, ẹ bá dókítà àti àlùfáà yín sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n kọ oògùn náà. Ẹ̀sìn yọ̀ǹda fún aláìsàn láti san ààwẹ̀ padà. Ẹ má dá oògùn dúró ní ọ̀sán fúnra yín.

## Dídín oògùn kù: ibi tí a ti máa ń ṣìṣe jù

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó wọ́pọ̀ kí dókítà ní kí ẹ máa kán sítẹ́rọ́ìdì ní wákàtí wákàtí níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá wà lójúfò. Bẹ́ẹ̀ ni, wákàtí wákàtí. Bí ẹ bá ń tajà, ẹ fi áláàmù sí fóònù, kí ẹ gbé ìgò sínú àpò aṣọ, kì í ṣe nílé.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ìrora á ti lọ, pupa á ti fẹ́ tán. Níbí yìí gan-an ni a ti máa ń gbé oògùn jù sílẹ̀. Pupa ìta ti lọ, àmọ́ iná inú kò tíì kú, ẹ̀rọ dókítà nìkan ló lè rí i. Bí ẹ bá já a lójijì, á padà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èyí tó padà sì máa ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà kejì tí tèmi ṣe mí, ohun tí mo ṣe nìyẹn, mo sì tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí wákàtí wákàtí.

Àpẹẹrẹ ètò tí dókítà lè kọ rèé. Ti dókítà yín ni kí ẹ tẹ̀ lé o:

- ọ̀sẹ̀ 1: wákàtí wákàtí
- ọ̀sẹ̀ 2: wákàtí méjì méjì
- ọ̀sẹ̀ 3: ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́
- ọ̀sẹ̀ 4: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta
- ọ̀sẹ̀ 5: ẹ̀ẹ̀mejì
- ọ̀sẹ̀ 6: ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ tó dúró

Nítorí náà, ẹ ṣírò owó ìgò kejì mọ́ owó yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ padà lọ ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, kódà bí ara bá ti yá, torí ìfúnpá tó ń gòkè kì í dunni. Bí ẹ bá ti dín in kù tí ìrora tàbí bàìbàì sì padà, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà.

## Bí ó bá ń padà wá

Bí ó bá ń dé ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún, oògùn ojú nìkan kò tó mọ́. Dókítà ojú àti dókítà oríkèé gbọ́dọ̀ jọ sọ̀rọ̀. Bí wọn kò bá sí nílé ìwòsàn kan náà, ẹ̀yin ni kí ẹ gbé ìwé láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan lọ sí ọ̀dọ̀ èkejì.

Sulfasalazine lè dín bí ó ṣe ń dé kù, owó rẹ̀ kò sì wúwo jù. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà bí ara yín kò bá gba oògùn tó ní sulfa, kí ẹ sì bèèrè àyẹ̀wò G6PD, èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀. Àìtó rẹ̀ pọ̀ láàárín wa, oògùn náà sì lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní in. Adalimumab àti infliximab, àwọn oògùn abẹ́rẹ́ tó ń dẹ ìjà ara lọ́wọ́, lágbára jù fún ojú, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́n gan-an, adalimumab tún ń fẹ́ fíríìjì tí iná kì í lọ níbẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ yín wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣáájú, torí àwọn oògùn wọ̀nyí lè jí èyí tó ń sùn. Bí etanercept, abẹ́rẹ́ mìíràn tó jọ wọ́n, ni ẹ ń gbà fún ẹ̀yìn tí ojú kò sì yé pọ́n, ẹ sọ ọ́: ó dára fún ẹ̀yìn, kì í fi bẹ́ẹ̀ dáàbò bo ojú.

Ẹ má dá oògùn ẹ̀yìn dúró torí ojú. Ẹ jáwọ́ nínú sìgá.

## Ẹ̀yin tí ojú ti mú, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ ẹ̀yìn

Ní ọdún 2015, àwọn oníwádìí ní Dublin, ní Ireland, jábọ̀ pé nínú àwọn tó wá pẹ̀lú irú uveitis yìí tí wọn kò mọ ìdí rẹ̀, bíi mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló ní àìsàn oríkèé tí a kò tíì ṣàwárí. Ní ilẹ̀ wa, ẹ̀yìn tó ń dunni la máa ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí, a ó sì máa mu àgbo lé e lọ́dún lọ́dún. Ẹ bi ara yín:

- Ṣé ó bẹ̀rẹ̀ kí n tó pé ọmọ ọdún 45, ó sì ti ju oṣù mẹ́ta lọ?
- Ṣé ẹ̀yìn máa ń le lówùúrọ̀ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ?
- Ṣé ó máa ń jí mi lójú oorun lẹ́yìn ọ̀gànjọ́?
- Ṣé bí mo bá rìn ló ń dẹ̀, tí bí mo bá sinmi ló ń le?

Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí púpọ̀ nínú wọn, ẹ ní kí wọ́n kọ yín sí dókítà oríkèé. Wọ́n lè ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ HLA-B27, àmì àjogúnbá kan tó bá àìsàn yìí rìn. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun tó ní ankylosing spondylitis, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ní in. Láàárín àwa Yorùbá, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi. Bí èsì bá ní kò sí, kò túmọ̀ sí pé àìsàn náà kò sí. X-ray náà lè mọ́ ní àwọn ọdún àkọ́kọ́. MRI (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara) ti oríkèé ìbàdí ló ń rí i kíákíá jù.

## Ohun tó yẹ kó wà nínú báàgì yín

- ìwé kékeré tí a kọ orúkọ àìsàn yín sí, pẹ̀lú orúkọ gbogbo oògùn
- nọ́ńbà fóònù ilé ìwòsàn ojú
- ọjọ́ tí ojú ti mú yín sẹ́yìn, ojú wo ni, oògùn wo ló ṣiṣẹ́
- ìfúnpá ojú yín nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n kẹ́yìn
- gíláàsì dúdú
- owó ọkọ̀ àti owó káàdì, tí ẹ kò ní fi ra nǹkan mìíràn